Ṣé ohun tó wà níta la ń rí, àbí ohun tí ọpọlọ bá sọ pé ó wà níbẹ̀?

Arínúróde

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn lọ́kàn mi, mo fẹ́ kí á jọ tú u palẹ̀.

Ẹ mú bébà funfun kan. Ẹ ya àgbélébùú kékeré sí apá òsì, kí ẹ sì fi báírò kun àmì roboto dúdú sí apá ọ̀tún, kí àlàfo àárín wọn tó sẹ̀ǹtímítà 8. Ẹ di ojú òsì, kí ẹ tẹjú ọ̀tún mọ́ àgbélébùú yẹn. Ẹ má wo àmì dúdú náà. Kí ẹ wá máa fa bébà náà bọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Nígbà tó bá ku nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 kó dé ojú yín, àmì dúdú yẹn á pòórá pátápátá. Bí ẹ bá tún sún un mọ́ra sí i, á yọ padà.

Pé ó pòórá kọ́ ló ń dà mí láàmú. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé mi ò rí ihò kankan níbẹ̀. Mi ò rí òkùnkùn, mi ò rí àlàfo. Funfun bébà ni mo rí. Mo wá fi rúlà fa ìlà tó gba àárín àmì náà kọjá, mo tún un ṣe, ìlà náà sì lọ gbọọrọ láìjá, bẹ́ẹ̀ ojú mi ò rí àárín rẹ̀ rárá.

Ta ló kun ibẹ̀ ní funfun? Ta ló so ìlà yẹn pọ̀? Bó bá jẹ́ ọpọlọ ni, kí ló tún kù tó ń ṣe lẹ́yìn mi?

TíṣàFísíìsì

Ìbéèrè gidi lẹ bi yìí o, Arínúróde. Edme Mariotte, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló ṣàwárí ibi tí kò ríran yẹn láàárín ọdún 1660 sí 1669. Ibẹ̀ ni iṣan tó ń gbé ìròyìn láti ojú lọ sí ọpọlọ ti ń jáde kúrò nínú ẹyinjú. Iṣan ti gba ibẹ̀, kò sí àyè fún sẹ́ẹ̀lì tó ń gba ìmọ́lẹ̀. Gbogbo wa la ní in, ọ̀kan nínú ojú kọ̀ọ̀kan.

Àmọ́ ihò yẹn kéré púpọ̀ lára ohun tí ọpọlọ ń tún ṣe. Ẹ na apá yín síwájú tán, kí ẹ gbé àtàǹpàkò sókè. Ibi tí ojú ti ń ríran kedere gan-an, débi tí èèyàn fi lè kàwé, kò ju ìbú èékánná yẹn lọ. Bàìbàì ni gbogbo ìyókù. Bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń rìn kiri tó ń rí ayé bí ibi bàìbàì tí ojú kan kékeré ti mọ́lẹ̀ láàárín rẹ̀. A gbà pé gbogbo yàrá ló hàn kedere lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ojú ló ń fò kiri bí ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tó ń ṣà á níbí, tó ń ṣà á lọ́hùn-ún, ọpọlọ ló sì ń kó o jọ di odindi.

Ìṣirò kan tún nìyí: sẹ́ẹ̀lì tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú ojú kan ṣoṣo lé ní mílíọ̀nù 100. Okùn tó wà nínú iṣan tó ń lọ sí ọpọlọ kò ju bíi mílíọ̀nù 1 lọ. Ìyẹn ni pé kí ìròyìn tó kúrò nínú ojú, ojú ti gé e kúrú, ó ti mú èyí tó ṣe pàtàkì, ó ti ju ìyókù nù.

Ẹ tún dán èyí wò. Ẹ dúró síwájú dígí, kí ẹ wo ojú òsì yín, kí ẹ wá wo ojú ọ̀tún, kí ẹ máa lọ kí ẹ máa bọ̀. Ẹ ò ní rí i kí ojú yín yí láéláé. Ẹni tó dúró tì yín ń rí i dáadáa pé ó ń yí. Nígbàkígbà tí ojú bá fò, ọpọlọ máa ń dín ohun tó ń wọlé kù, kí ayé má baà máa fì síwá-sẹ́yìn lójú wa. Àwọn ìṣẹ́jú tí à ń pàdánù bẹ́ẹ̀ lójúmọ́ kì í ṣe díẹ̀, ẹnikẹ́ni nínú wa ò sì mọ̀ pé nǹkan kan sọnù.

Àṣàkẹ́

> Ta ló kun ibẹ̀ ní funfun?

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ da ọ̀rọ̀ yìí dúró díẹ̀ kó tó lọ síbi tí mo rò pé ó ń lọ. Mi ò bá ìdánwò yín jà, mo ṣe é, àmì náà pòórá. Àbájáde tí àwọn èèyàn máa ń fà yọ níbẹ̀ ni mi ò fara mọ́. Wọ́n á ní “ọpọlọ ló dá ayé yìí fún wa, kò sí ohun tó jẹ́ òótọ́.”

Bó bá rí bẹ́ẹ̀, báwo ni èèyàn ṣe ń na ọwọ́ mú bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù lófurufú? Báwo ni ẹni tó ń fo ọgbà ṣe ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì balẹ̀? Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ń parọ́ fún látàárọ̀ dalẹ́ ò lè sọdá títì kan kó yè é. Ayé ò fojúure wo ẹni tó bá ṣì í rí. Nítorí náà, ohun tí à ń rí gbọ́dọ̀ bá ohun tó wà níta mu, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ò bá ti kú tán.

Akẹ́kọ̀ọ́Ọpọlọ

Aǹtí Àṣàkẹ́, ẹ ṣeun gan-an. Ibi tí ẹ fi ọwọ́ sí yẹn ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ ṣàlàyé, nítorí ẹ̀kọ́ tí mò ń kọ́ nìyí.

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ọpọlọ wà. Inú agbárí ni, níbi tí ìmọ́lẹ̀ kankan ò dé. Ìró kankan ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, òórùn ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìtanná kékeré-kékeré tó ń gba ojú iṣan wọlé. Irú ìtanná tó ń ti ojú wá àti irú èyí tó ń ti etí wá, ọ̀kan náà ni. Ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé ló yàtọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ rí ẹ̀rí, ẹ di ojú, kí ẹ yí i sápá imú, kí ẹ wá fi ìka tẹ igun rẹ̀ níta jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ (kí ẹni tí ojú ń dùn tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún má dán an wò). Ẹ máa rí òrùka ìmọ́lẹ̀ kan, apá imú ni yóò sì yọ sí, kì í ṣe ibi tí ìka wà. Kò sí ìmọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ìtẹ̀mọ́lẹ̀ lásán ló mú kí iṣan ojú ránṣẹ́, ọpọlọ sì ti mọ̀ pé ohunkóhun tó bá gba ọ̀nà yẹn wá, ìmọ́lẹ̀ ni.

Ìṣòro kejì ni pé ìròyìn yẹn ò tó. Ohun kékeré tó wà nítòsí àti ohun ńlá tó wà lókèèrè lè ju àwòrán kan náà sínú ojú. Ojú nìkan ò lè yanjú èyí. Ọpọlọ gbọ́dọ̀ fi ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ kún un, bí ẹni tó ń ka lẹ́tà tí omi ti pa ọ̀rọ̀ díẹ̀ rẹ́ nínú rẹ̀. Ó ń dá àbá ni. Ibn al-Haytham, tí wọ́n bí ní Basra ní nǹkan bí ọdún 965, ti kọ ọ́ láàárín ọdún 1011 sí 1021 pé ìmọ́lẹ̀ ló ń ti ara nǹkan wọ ojú, pé púpọ̀ nínú ohun tí à ń pè ní ìríran sì jẹ́ ìdájọ́ tí a ń ṣe kíákíá débi pé a kì í mọ̀ pé a ṣe é. Ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́jọ lọ lẹ́yìn rẹ̀ kí Hermann von Helmholtz, ọmọ Jámánì, tó kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé ńlá rẹ̀ tó parí ní ọdún 1867.

Helmholtz yìí kan náà ló wọn eré tí ìròyìn ń sá nínú iṣan àkèré ní nǹkan bí ọdún 1850. Àwọn èèyàn ìgbà yẹn rò pé kíá ni, kò gba àkókò rárá. Ó rí i pé kò ju bíi mítà 30 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún bọ́ọ̀lù yín. Kí ìmọ́lẹ̀ tó wọ ojú tó di ohun tí a mọ̀ pé a rí, ó lè tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Bọ́ọ̀lù tó ń sáré kìlómítà 36 ní wákàtí kan á ti rin mítà kan gbáko láàárín ìgbà yẹn. Bó bá jẹ́ ohun tó wọ ojú nìkan ni ọpọlọ ń wò, ibi tí bọ́ọ̀lù ti kúrò lèèyàn á máa na ọwọ́ sí. À ń mú un nítorí pé ọpọlọ ti dá àbá ibi tó máa dé.

Nítorí náà, ẹ̀rí tí ẹ mú wá ń gbe ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn. Àbá ni ìríran, àbá tí ayé ń dán wò ní gbogbo ìgbà. Bó bá ṣì, ayé á ta á jí, ọpọlọ á sì tún un dá. Àwọn àgbà ní àbá ní í dòótọ́, ojo kì í jẹ́ ká dá a. Ọpọlọ ò ṣojo rárá.

Nítorí àbá yìí náà ni èèyàn ò fi lè rín ara rẹ̀ ní gìgísẹ̀. Ní ọdún 1998, Sarah-Jayne Blakemore, Daniel Wolpert àti Chris Frith fi ẹ̀rọ wo ọpọlọ àwọn èèyàn, wọ́n rí i pé bí èèyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ kan ara rẹ̀, ọpọlọ kékeré tó wà lẹ́yìn orí ti sọ àsọtẹ́lẹ̀ bó ṣe máa rí lára, ìmọ̀lára náà á sì rọlẹ̀. Ọwọ́ ẹlòmíràn ò ṣeé sọ tẹ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, òun ló ń múni rẹ́rìn-ín.

Àṣàkẹ́

Mo gba ti bọ́ọ̀lù. Ó yé mi, ó sì wọ̀ mí lára.

Ṣùgbọ́n ẹ dáhùn èyí fún mi: bó bá jẹ́ pé ayé ń tún àbá ṣe, kí ló dé tí àwọn àwòrán tó ń tan ojú jẹ kì í jáwọ́? Ìlà méjì tí wọ́n fi orí ọfà há ìpẹ̀kun wọn, tí ti ọ̀kan kọjú síta, tí ti èkejì kọjú sínú, mo ti fi rúlà wọ̀n wọ́n, wọ́n dọ́gba. Mo tún wò wọ́n, ọ̀kan ṣì gùn ju ìkejì lọ. Mo mọ òtítọ́, ojú mi sì kọ̀ láti gbà á.

TíṣàFísíìsì

Àwòrán ìtànjẹ tí Müller-Lyer, ọmọ Jámánì, gbé jáde lẹ ń sọ yẹn, láti ọdún 1889 ló ti wà. Apá tó ń ríran nínú ọpọlọ kì í gba àṣẹ lọ́wọ́ apá tó ń fi rúlà wọn nǹkan. Ó ń lo àwọn òfin tó ti kọ́ láti ìgbà tí a ti wà lọ́mọ ọwọ́, àwọn òfin yẹn sì ń bọ́ sí i lọ́pọ̀ ìgbà tó bẹ́ẹ̀ tí bébà kan ṣoṣo ò lè yí i lọ́kàn padà.

Èyí tó wù mí jù ni ti Edward Adelson, ní ọdún 1995. Ó ya pátákó onígun mẹ́rin dúdú àti funfun bíi ti eré ṣẹ́ẹ̀sì, ó sì gbé òpó kan lé e tí òjìji rẹ̀ bo apá kan. Onígun mẹ́rin kékeré kan wà nínú òjìji tó dà bíi funfun, òmíràn wà níta òjìji tó dà bíi dúdú. Bí ẹ bá fi bébà bo gbogbo ìyókù, ẹ ó rí i pé àwọ̀ eérú kan náà gẹ́lẹ́ ni àwọn méjèèjì. Àwọn èèyàn máa ń pe èyí ní àṣìṣe ọpọlọ. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ rárá! Ohun tí ọpọlọ ń wá kì í ṣe ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó wọ ojú. Ó fẹ́ mọ àwọ̀ tí nǹkan náà ní lóòótọ́. Ohun tó bá wà nínú òjìji tó sì tan ìmọ́lẹ̀ tó báyìí padà, funfun ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Ìdáhùn rẹ̀ tọ̀nà nípa pátákó náà. Bí kò bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni, aṣọ funfun á máa yí padà di dúdú lójú wa nígbàkígbà tí a bá gbé e wọ inú ilé.

Kọ́lá_B

Aṣọ ọdún 2015 nìyẹn o! Ẹ rántí? Àwọn kan rí i ní funfun àti góòlù, àwọn kan rí i ní búlúù àti dúdú, ọ̀rẹ́ sì ń bá ọ̀rẹ́ jà.

Akẹ́kọ̀ọ́Ọpọlọ

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n Kọ́lá. Búlúù àti dúdú ni aṣọ náà gan-an. Àwòrán yẹn ò jẹ́ kó hàn irú ìmọ́lẹ̀ tó tàn sí i. Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ gbà pé òjìji ló wà, á yọ búlúù kúrò, á rí funfun. Ẹni tí tirẹ̀ gbà pé iná pupa rúsúrúsú ló tàn sí i, á rí búlúù. Kò sí ẹni tó yàn án fúnra rẹ̀.

Oníṣẹ́Ohùn

Ojú nìkan lẹ ti ń sọ látàárọ̀. Ẹ jẹ́ kí n gbà fún etí, torí pé iṣẹ́ mi ni kí n máa so ohùn mọ́ àwòrán.

Ní ọdún 1976, Harry McGurk àti John MacDonald gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n mú fídíò ẹni tó ń sọ “ga”, wọ́n yọ ohùn rẹ̀, wọ́n fi ohùn “ba” dípò. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wò ó ò gbọ́ “ba”, wọn ò sì gbọ́ “ga”. “Da” ni wọ́n gbọ́, ìró tí kò sí nínú ohùn, tí kò sì sí ní ẹnu. Bí wọ́n bá di ojú, wọ́n á gbọ́ “ba”. Wọ́n lajú, ó di “da”. Mo ti fi han àwọn tí mò ń kọ́ níṣẹ́, tí mo sọ àṣírí rẹ̀ fún wọn ṣáájú, síbẹ̀ “da” ni wọ́n ń gbọ́. Ètè tó pàdé ni a fi ń pe “ba”, ojú sì rí i pé ètè ò pàdé. Ọpọlọ wá ohun tó lè bá àwọn ẹlẹ́rìí méjèèjì mu.

Ohun tí gbogbo yín ń gbádùn láìmọ̀ tún nìyí: nígbà tí ẹ bá ń wo fíìmù, inú ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí lábẹ́ ni ohùn ti ń jáde. Ẹnu òṣèré lẹ ti ń gbọ́ ọ. Ní ti ibi tí nǹkan wà, ojú ló máa ń borí etí. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ wa dúró lórí èyí, ó sì yẹ kí àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ fíìmù mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ kankan.

Dàpọ̀_01

Àlá ńkọ́? Ojú wa ti dé nígbà yẹn, ta ló wá ń fi àwòrán hàn wá?

Alábòójútó

Ìbéèrè tó dára ni, Dàpọ̀, ṣùgbọ́n àlá á gbà tó odidi àkòrí kan. Ẹ ṣí tirẹ̀ sílẹ̀, a ó bá yín níbẹ̀.

Arínúróde

Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ aṣọ yẹn gbé mi dé ibòmíràn. Ṣé àwọ̀ gan-an wà níta? Bí kò bá sí ojú kankan láyé, ṣé ewé á ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé?

TíṣàFísíìsì

Isaac Newton, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ti dáhùn ìdajì rẹ̀ ní ọdún 1704: ó ní ìtànṣán ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ní àwọ̀, agbára tó ń mú kí á rí àwọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ìgbì ni ìmọ́lẹ̀. Èyí tí ojú èèyàn ń gbà kò ju èyí tí gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi nanomítà 380 dé 700 lọ (nanomítà kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù kan mítà). Kòkòrò oyin ń rí ìmọ́lẹ̀ tó kọjá ibi tí tiwa dé lápá àlùkò, ọ̀pọ̀ òdòdó sì ní ìlà lára tí oyin ń rí tí àwa ò rí rárá. Àwọn ejò kan ní ihò ní apá iwájú orí wọn tí wọ́n fi ń mọ ooru ara ẹran nínú òkùnkùn. Ìró tí àdán ń fi ọ̀pọ̀ ìgbà wá ọ̀nà ga ju hertz 20,000 (ìgbà tí ìró ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan) tí etí wa dé lọ.

Ẹ sì wo fóònù tí ẹ fi ń kà mí yìí. Àmì pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù nìkan ló wà lójú rẹ̀. Kò sí àmì yẹ́lò kankan níbẹ̀. Ẹ ṣí àwòrán ọsàn tó pọ́n tàbí òdòdó tó jẹ́ yẹ́lò, ẹ máa rí yẹ́lò. Pupa àti ewé tó bá jọ wọ ojú wa lẹ́ẹ̀kan náà ń ta sẹ́ẹ̀lì ojú bí ìgbì yẹ́lò ṣe ń ta á, ọpọlọ ò sì ní ọ̀nà láti fi ìyàtọ̀ sí i.

Nítorí náà, tí ẹ bá bi mí, ìgbì wà níta, ara ewé wà níta, bí ewé ṣe ń dá irú ìgbì kan padà tó sì ń gbé òmíràn mì wà níta. Àwọ̀ wà níbi tí gbogbo ìyẹn ti pàdé ojú àti ọpọlọ. Ooru náà bẹ́ẹ̀. Ẹ ki ọwọ́ kan bọ omi tútù, ẹ ki èkejì bọ omi gbígbóná tí kò ní bó yín, lẹ́yìn náà kí ẹ ki méjèèjì bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kan ṣoṣo. Ọwọ́ kan á ní ó gbóná, èkejì á ní ó tutù. John Locke, onímọ̀ ọgbọ́n orí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ̀wé nípa èyí ní nǹkan bí ọdún 1690. Ata náà ń lo irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀: David Julius gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2021, àwárí rẹ̀ sì ni ẹnu-ọ̀nà kan lára iṣan tó máa ń ṣí nígbà tí ooru bá kọjá nǹkan bíi 43 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ata máa ń ṣí ẹnu-ọ̀nà yìí kan náà. Iná ò sí lẹ́nu, ìròyìn iná ló dé ọpọlọ.

Àṣàkẹ́

“Níbi tí gbogbo ìyẹn ti pàdé.” Èyí ni mo lè bá yín dúró lé. Kì í ṣe inú orí nìkan, kì í sì í ṣe ìta nìkan.

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Ní ọdún 1688, William Molyneux kọ lẹ́tà sí Locke tí ẹ dárúkọ yẹn. Ó béèrè pé bí ẹni tí a bí ní afọ́jú bá ti mọ bọ́ọ̀lù àti ohun onígun mẹ́rin yàtọ̀ nípa fífọwọ́kàn, tó wá ríran lójijì, ṣé á lè fi ojú nìkan mọ èyí tó jẹ́ bọ́ọ̀lù? Fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́ta, àríyànjiyàn lásán ni. Nígbà tó di 2011, Pawan Sinha àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìdáhùn jáde láti ilẹ̀ Íńdíà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún àwọn ọmọ tí ojú wọn ti fọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn. Àwọn ọmọ náà lajú, wọ́n rí àwọn nǹkan náà, wọn ò sì lè so ohun tí wọ́n rí mọ́ ohun tí ọwọ́ wọn ti mọ̀. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n ti ń ṣe é.

Ohun tó ń wú mi lórí níbẹ̀ ni “ọjọ́ díẹ̀” yẹn. A kì í bí ìmọ̀ yìí mọ́ni. Ọpọlọ ní láti bá ayé gbé, kí ó fi ojú wò, kí ó fi ọwọ́ kàn án, kó tó mọ̀ pé ohun kan náà ni.

Adùnní_O

Ẹ kú àlàyé. Mo ti ń ka gbogbo rẹ̀ láti òkè wá, mi ò sì mọ̀ bóyá ó yẹ kí n kọ èyí síbí.

Ìyá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Àìsàn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma ti mú èyí tó pọ̀ jù lára ìríran wọn. Láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n máa ń rí àwọn ọmọ kékeré ní igun yàrá, wọ́n wọ aṣọ tó rẹwà, wọn kì í sọ̀rọ̀. Nígbà mìíràn, ògiri á kún fún òdòdó. Ìyá mi fúnra wọn mọ̀ pé àwọn ọmọ náà ò sí níbẹ̀. Wọ́n ní bí àwọn bá na ọwọ́, kò sí nǹkan kan. Àmọ́ àwọn mọ̀lẹ́bí ti ń sọ pé orí ìyá ti ń dàrú, ìyá mi sì ti dákẹ́, wọn ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́ àfi èmi. Ìbẹ̀rù wà lójú wọn. Ṣé ọ̀rọ̀ tí ẹ ń sọ yìí kàn wọ́n?

Nọ́ọ̀sìÀgbà

Adùnní, ó yẹ kí o kọ ọ́ dáadáa. Ó kàn wọ́n gan-an.

Ohun tí o ṣàpèjúwe yẹn jọ ohun tí à ń pè ní àìlera Charles Bonnet. Bonnet jẹ́ ọmọ Geneva, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 1760 nípa bàbá ìyá rẹ̀, Charles Lullin, tí ojú rẹ̀ ti ń kú. Bàbá náà ń rí ọkùnrin àti obìnrin, ẹyẹ, ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin, ilé, orí rẹ̀ sì pé pérépéré. Wèrè kọ́. Bí ojú bá dẹ́kun ríránṣẹ́, apá ọpọlọ tó ń ríran kì í jókòó sùn. Òun fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwòrán sílẹ̀. Ọpọlọ tó kun ihò kékeré ní funfun fún Arínúróde, òun náà ló ń kun ihò ńlá fún ìyá rẹ. Ohun tó dínkù ni ìròyìn tó yẹ kó wá bá a wí láti ìta.

Mo ti bá ọ̀pọ̀ àgbàlagbà pàdé nínú iṣẹ́ yìí tó fi í pa mọ́ nítorí ìbẹ̀rù pé wọ́n á pè wọ́n ní wèrè. Jọ̀ọ́, jókòó ti ìyá, sọ fún wọn ní kedere pé ojú ló fà á. Ìyẹn nìkan máa ń gbé ẹrù ńlá kúrò lórí èèyàn. Bí àwòrán náà bá yọ, kí wọ́n tan iná yàrá sí i, kí wọ́n ṣẹ́jú, kí wọ́n yí ojú láti òsì sí ọ̀tún léraléra. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, á pòórá.

Alágbára_Ẹsẹ̀Kan

Nọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ yín bá tèmi mu. Jàǹbá ọkọ̀ ló mú kí wọ́n gé ẹsẹ̀ mi. Ìka ẹsẹ̀ tí kò sí mọ́ ṣì ń yún mi, ó sì ń dùn mí nígbà mìíràn. Dókítà kan ní kí n gbé dígí sí àárín ẹsẹ̀, kí n máa wo òjìji ẹsẹ̀ tó kù bí ẹni pé méjèèjì wà, kí n sì máa mì ín. Ó ń dẹ̀ mí lára.

Nọ́ọ̀sìÀgbà

Ẹ kú ìfaradà, ẹ̀gbọ́n. Ìrora gidi ni, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ fún yín pé ẹ ń rò ó lásán. Àwòrán ẹsẹ̀ yẹn ṣì wà nínú ọpọlọ. Silas Weir Mitchell, dókítà ọmọ Amẹ́ríkà, ti kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1871 lẹ́yìn tó tọ́jú àwọn ọmọ ogun. Ti dígí, V. S. Ramachandran ló mú un wá láàárín ọdún 1990 sí 1999. Kì í ṣiṣẹ́ fún gbogbo èèyàn, inú mi dùn pé ó ń ṣe yín lóore.

Adùnní_O

Ẹkún ayọ̀ ni mo sun nígbà tí mo kà á. Mo ti kà á sókè fún ìyá mi, wọ́n ní “ṣé bàbá yẹn náà rí wọn?” Wọ́n bi mí lẹ́ẹ̀mejì. A máa lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú lọ́jọ́bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni kí n sọ níbẹ̀?

Nọ́ọ̀sìÀgbà

Sọ gbogbo rẹ̀ bí o ṣe sọ ọ́ níbí: ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, àkókò tó máa ń yọ, ohun tí wọ́n ń rí, pé wọn kì í sọ̀rọ̀, pé ìyá mọ̀ pé wọn ò sí níbẹ̀. Dárúkọ àìlera Charles Bonnet fún dókítà, nítorí àwọn mìíràn kì í béèrè. Kó gbogbo oògùn tí ìyá ń lò dání, pẹ̀lú ti ojú àti ti àwọn àìsàn mìíràn, nítorí oògùn kan lè fa irú nǹkan báyìí. Ní kí wọ́n wò ó bóyá ohun kan ṣì wà tí wọ́n lè ṣe sí ìríran tó kù, gíláàsì tàbí iná tó mọ́lẹ̀ sí i nílé.

Bí ìyá bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn àwọn ọmọ náà, tàbí tí wọ́n gbà pé òótọ́ ni wọ́n wà níbẹ̀, tàbí tí ara wọn gbóná tí ọ̀rọ̀ wọn ò sì já gaara mọ́, nǹkan mìíràn nìyẹn. Má dúró de Ọjọ́bọ̀, gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.